Ẹ̀bà Nìkan Kọ́ Ni Ó Jẹ̀bi: Ẹ Wo Epo Inú Ìkòkò

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìbéèrè kan ṣoṣo ti ń dé ọ̀dọ̀ mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti ọwọ́ àwọn ará Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni kí ẹni tí ó sanra jù, tí àwọn oníṣègùn sì ti sọ fún pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè, máa jẹ? Nígbà tí mo bá bi oníbéèrè ní ohun tí ó ti yọ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbà. Ó ti kọ ẹ̀bà sílẹ̀. Ó ti kọ iyán sílẹ̀. Ìyẹ̀fun wíìtì tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n ni ó fi ń ro òkèlè báyìí, ó sì ń náwó gọbọi lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bèèrè pé, "Ọbẹ̀ wo ni ẹ fi ń jẹ òkèlè wíìtì náà?" ẹ̀gúsí ni, tí epo pupa léfòó sí lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣíbí bù ú kúrò, tàbí ọbẹ̀ ata tí òróró ti bo ẹran inú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bà kò gbà mí ní lọ́yà. Àjẹjù ẹ̀bà a máa mú ènìyàn sanra, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojú wọn. Ohun tí kò tọ́ lójú mi ni pé kí á wọ́ ẹ̀bà lọ sí ilé ẹjọ́, kí á sì jẹ́ kí epo jókòó láàrin àwọn òǹwòran. Ọ̀rá inú oúnjẹ wa, bí ó ti pọ̀ tó àti irú èyí tí ó jẹ́, wà lára ohun tí ń mú kí ara ẹni tí ó sanra kọ etí dídi sí oje tí ó yẹ kí ó bá a kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ọ̀rá sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ronú kàn rí, èyíinì ni inú iṣan, ẹran ara tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé ẹrù, tí a fi ń gún iyán.

Kí ẹ tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí a bá jẹun tán, oúnjẹ a yọ́, apá kan nínú rẹ̀ a sì di ṣúgà tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí ń tú oje jáde nígbà náà. Ínsúlínì ni orúkọ oje yìí. Ní ọdún 1921 ni Banting àti Best ṣàwárí rẹ̀ ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn oníṣègùn sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àrùn àtọ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò títí di òní pé ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì ni ó tán lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni lára gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 1936 ni dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Himsworth, ti fi hàn pé ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí pín sí: àwọn kan wà tí ínsúlínì kò sí lára wọn, àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ó tilẹ̀ wà. Ọ̀nà kejì yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sanra, òun ni mo sì ń bá yín sọ.

Nínú gbogbo ṣúgà tí ínsúlínì ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Itan, ìdí, ẹ̀yìn àti apá wa ni àká ńlá tí ṣúgà ń wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò lè wọlé láìjẹ́ pé a ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí àlejò bá dé ẹnu géètì Close kan ní Festac, mẹ́gáàdì ni ó máa kọ́kọ́ kàn. Mẹ́gáàdì a rán ọmọ kan lọ sí inú ilé, ẹni inú ilé a sì jáde wá ṣí ìlẹ̀kùn. Ínsúlínì ni àlejò náà. Ó dé ẹnu iṣan, ó kan ilẹ̀kùn, ìránṣẹ́ sáré wọ inú lọ, àwọn aṣílẹ̀kùn sì bọ́ síta láti gba ṣúgà wọlé. Nínú ara ẹni tí ọ̀rá ti kún inú iṣan rẹ̀, àlejò kan ilẹ̀kùn títí, mẹ́gáàdì sì rán ọmọ ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti dá ọmọ náà dúró lójú ọ̀nà. Ẹni inú ilé kò gbọ́ nǹkan kan.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ṣúgà nígbà náà? Ẹ ó rántí nǹkan bí ọdún 2018, nígbà tí àwọn tírélà tí kò rí àyè wọ èbúté Apápá tò sórí ọ̀nà títí dé Mile 2, tí a ń lo wákàtí mẹ́ta láti dé ibi tí kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá wo títì nìkan yóò sọ pé tírélà ni ó pọ̀ jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ibi tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀ kò gbà wọ́n. Bákan náà ni ṣúgà ṣe ń tò sínú ẹ̀jẹ̀. Ara a wá máa rán ínsúlínì sí i, bí ìgbà tí àlejò ń fi òkúta lu géètì. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tí onítọ̀hún kò ní mọ nǹkan kan, títí tí ẹ̀yà ara tí ń tú oje náà jáde yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni òùngbẹ, ìtọ̀ òru àti ojú ṣíṣú máa ń dé.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀rá ni ó wà nídìí rẹ̀? Ní ọdún 1963, Philip Randle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rá àti ṣúgà a máa du ipò epo ìdáná nínú iṣan, pé èyí tí ó bá pọ̀ yóò ti èkejì sẹ́yìn. Nígbà tí ó di ọdún 1996, Michael Roden, Gerald Shulman àti àwọn mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí ó wú mi lórí. Wọ́n fi ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì ń wo iṣan wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Kí wákàtí mẹ́fà tó pé, iṣan àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń kọ ṣúgà, bí ẹni pé àwọn náà ní àtọ̀gbẹ. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ìdènà sì ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà péré! Wọn kò jẹ ẹ̀bà kankan.

Bí a bá jẹun ju èyí tí a lò lọ, ara a máa tọ́jú ọ̀rá sí abẹ́ awọ, kò sì sí ìjàǹbá púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àká abẹ́ awọ bá ti kún, tí a kò sì dáwọ́ kíkó ránṣẹ́ dúró, ọ̀rá a bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, sí ẹ̀dọ̀, sí àyíká ìfun, sí inú iṣan. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rá tí a kò jó tán, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní diacylglycerol àti ceramide, ti ń dí ìránṣẹ́ ínsúlínì lọ́nà. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́: àwọn asáré ìje náà ní ọ̀rá nínú iṣan, àní ó lè pọ̀ tó ti ẹni tí ó sanra, síbẹ̀ ara wọn ń gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jó o. Ọ̀rá tí a kó jọ tí a kò lò ni ó ń di ìyọnu.

Irú ọ̀rá tí a ń jẹ wá ńkọ́? Àwọn ìyá ilé lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ láìlọ sí ilé-ìwé ìṣègùn. Ọ̀rá kan wà tí ó máa ń dì, bí ọ̀rá màlúù àti bọ́tà. Òmíràn a máa ṣàn nígbà gbogbo, bí òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà. Epo pupa wà láàrin méjèèjì, ẹ sì mọ bí ó ṣe máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì ní àkókò ọyẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì epo ọ̀pẹ tí ó jẹ́ ọ̀rá dídì. Ti òróró ẹ̀pà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Òróró àgbọn tí àwọn kan ń mu ní ṣíbí ṣíbí báyìí pé ó ń dín sísanra kù, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó jẹ́ ọ̀rá dídì. N kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tan ìròyìn yẹn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lápò jẹ́.

Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí láti ìlú márùn-ún, láti Fínlándì títí dé Ọsirélíà, kó ènìyàn 162 tí ara wọn le jọ. Fún oṣù mẹ́ta, apá kan jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá dídì pọ̀ nínú rẹ̀, apá kejì jẹ èyí tí ọ̀rá ṣíṣàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbọ́ràn ara sí ínsúlínì fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín kù lára àwọn ti ìṣáájú. Kò yẹ̀ lára àwọn ti èkejì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwádìí náà tí àwọn olóróró kì í fẹ́ kí á sọ. Lára àwọn tí ọ̀rá, irú èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, kó ju ìdá 37 lọ nínú 100 agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ, àǹfààní òróró dáadáa náà kò hàn mọ́. Èyí ni pé ẹni tí ó pa epo tì tí ó wá ń da òróró ẹ̀pà sínú ìkòkò bí omi kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìwádìí mìíràn tún wà tí ó kan ọ̀pẹ gan-an. Ní Uppsala ní ilẹ̀ Súwídìn, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ 39 tí kò sanra ní kéèkì kékeré jẹ fún ọ̀sẹ̀ méje lé orí oúnjẹ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ sanra. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ti àwọn kan, òróró sunflower ni wọ́n fi ṣe ti àwọn tí ó kù. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ìwọ̀n tí apá méjèèjì fi sanra dọ́gba, kílógíráàmù 1.6. Síbẹ̀ ọ̀rá tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀ àti àyíká ìfun pọ̀ jù lọ́pọ̀lọ́pọ̀ lára àwọn tí ó jẹ ti epo ọ̀pẹ, nígbà tí àwọn ti òróró sunflower fi ẹran ara líle pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ìyókù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bínú sí mi báyìí. Wọn yóò ní, "Ṣé epo tí àwọn bàbá wa jẹ dàgbà ni ẹ fẹ́ sọ di májèlé?" Rárá o. Epo pupa tí a kò tíì yọ́ dànù ní ohun tí ń ṣe ojú ní oore, àwọ̀ pupa rẹ̀ ni ara ń sọ di fítámì A. (Ẹni tí ó bá yọ epo títí tí ó fi di funfun fún ọbẹ̀ ayamáṣe ti sun oore yẹn níná, ọ̀rá rẹ̀ nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́.) Àwọn bàbá wa jẹ epo, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹsẹ̀ rin lọ sí oko, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin bọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ ebè. Ọmọ ìran kan náà ni àwa àti àwọn tí ó wà ní òkè òkun, ẹ sì wo ohun tí Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 nípa àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ni ó ní àtọ̀gbẹ; ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì ó tó 9; ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì ó tó 11. Bí sísanra ṣe ń pọ̀ láti ibì kan sí èkejì ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀ tẹ̀lé e. Ní ọdún 1997 kan náà ni ìwé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé darí fún ìjọba àpapọ̀ jáde: 2.2 nínú 100 ni ti gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ti Lagos Mainland jẹ́ 7.2. A kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú kí tiwa tó di ti òkè òkun.

Ẹ wá wo ìgbé-ayé wa ní ìhín. Ilé tí a kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún ọdún 1977 ni à ń gbé. Láti ẹnu Close dé ojú Avenue, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Láti ibẹ̀ dé Mile 2, ọkọ̀ ni. Láti ọdún 2023 sì ni rélùwéè ti ń gbé wa láti Mile 2 dé Marina. Ohun rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n itan tí ó yẹ kí ó jó ọ̀rá, orí àga ni ó wà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ rìn kò rí ọ̀nà rìn, nítorí pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Festac ti di ìsọ̀, ti di ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ti di ojú àgbàrá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìlera ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú lásán, ó sì yẹ kí àwọn tí ń ṣàkóso àdúgbò wa kà á sí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti ọ̀nà ẹ̀yìn, láìdúró de ínsúlínì rárá, etí rẹ̀ a sì tún là sí ínsúlínì fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ṣe é ní oore ju ìyẹ̀fun wíìtì olówó iyebíye lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí á wọ ilé ìdáná. Ìdajì ìgò epo, láti inú ìgò tí ó gba 75 cl, tó nǹkan bí gíráàmù 345. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jẹ ọbẹ̀ náà tán ní ẹ̀ẹ̀kan, agbára oúnjẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà láti inú epo nìkan lé ní kálórì 500, kí á tó ka ẹran, kí á tó ka òkèlè. Ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni òróró, òróró ṣíṣàn tí ó dára ni pẹ̀lú. Ẹ bá mi dán an wò: ẹ fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta péré ti epo bẹ̀rẹ̀ ìkòkò ẹlẹ́ni mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gúsí sè kí ó jinná, ẹ ó rí i pé yóò tú òróró tirẹ̀ jáde. Ní ọjà Àgbójú tàbí ibòmíràn, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ọ̀pọ̀ òróró tí a ń pè ní fẹ́jítébù, láti ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹja Titus àti ṣàwá ní ọ̀rá tí ó sàn ju ti màlúù àti ti ẹran ògúnfe lọ. Ní ti ọ̀rá tí ẹ̀rọ sọ di líle, tí ó burú ju gbogbo wọn lọ, NAFDAC ti ṣe òfin ní ọdún 2022 pé kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wo inú agbada àwọn tí ń fi òróró àná dín àkàrà òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi bojú láti máa mu mínírà. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Fínlándì fi oúnjẹ àlékún bọ́ àwọn tí ó sanra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 ni pé ọ̀rá dídì fi ìdá 55 nínú 100 mú ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ pọ̀ sí i, ṣúgà fi 33 mú un pọ̀, ọ̀rá ṣíṣàn fi 15. Ṣúgà náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Bí ènìyàn bá sì fọn, ọ̀nà yòówù tí ó gbà fọn, ara rẹ̀ yóò túbọ̀ gbọ́ ti ínsúlínì. Ní Bírítéènì, nínú ìwádìí tí Mike Lean àti Roy Taylor tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn alátọ̀gbẹ tí a ràn lọ́wọ́ láti fọn tí ṣúgà wọn padà sí ipò tí kò fi nílò oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí àìsàn náà ti mú wọn ni o.

Ẹni tí ó bá ti ń lo oògùn ṣúgà, pàápàá ẹni tí ń gún ínsúlínì, kò gbọdọ̀ tìtorí ohun tí ó kà níhìn-ín dá oògùn dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn gígùn ní ọjọ́ kan náà láìsọ fún dókítà, nítorí pé ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, ìyẹn náà sì léwu. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ó dúró sí, kí ó gba téèpù lọ́wọ́ télọ̀ rẹ̀, kí ó fi wọn agbede ikùn: bí ó bá tó íǹṣì 37 fún ọkùnrin, tàbí 31 àbọ̀ fún obìnrin, kí ó lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà ní òwúrọ̀ kí ó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Bí ó bá pé 126, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ mìíràn. Kí ó sì fi ìwé àyẹ̀wò náà pamọ́ dáadáa, kí dókítà lè fi wé ti oṣù mẹ́ta sí i, nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ bá ti yí padà.